Ọnà Kan Tó Kù

Ìfura loògùn àgbà, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ oògùn di oúnjẹ, ara rẹ̀ ni yóò fi gbọ́. Gàfárù ọmọ Àkíbù, ará Bẹyẹrúnkà, kò mọ èyí. Bí ẹ bá kí i pé ẹ kú àárọ̀, á kọ́kọ́ wo ẹ̀yìn yín wò kó tó dáhùn. Bí ìyàwó rẹ̀ bá bu ẹran méjì sí ọbẹ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ tó yẹ kó jẹ́ ẹyọ kan, á ní kí ló dé. Kì í ṣe ènìyàn búburú o. Ó ń kírun lásìkò, kì í bá ẹnikẹ́ni jà, ó sì fẹ́ràn ọmọ rẹ̀. Àmọ́ lójú tirẹ̀, kò sí ẹni tí kò ní yàrá kan tó tì pa, tí kò fẹ́ kí Gàfárù rí inú rẹ̀.

A ò lè dá a lẹ́bi tán, torí ilé tí wọ́n ti bí i ni wọ́n ti kọ́ ọ bẹ́ẹ̀. Àkíbù bàbá rẹ̀ ni àwọn ènìyàn láti Bẹẹrẹ títí dé Màpó máa ń gbé agbádá lọ bá, bí wọ́n bá fẹ́ kí ẹni tó mọṣẹ́ fi abẹ́rẹ́ ọwọ́ ya ọnà sí i lọ́rùn àti láyà. Ọmọ iṣẹ́ méje, mẹ́jọ, ló máa ń jókòó lórí ẹní ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá yìí, ọdún mẹ́fà gbáko sì ni wọ́n ń lò kí ó tó ṣe fíríídọ̀mù fún wọn. Bí ọmọ iṣẹ́ kan bá ti lo ọdún mẹ́ta, tó rò pé òun ti mọ̀ ọ́n tán, tó ti ń wo ọ̀nà ilé, Àkíbù á bọ́ awò ojú rẹ̀, á nu ún, á ní, "O ń gbìyànjú. Àmọ́ ó ku ọnà kan tí n ò tíì kọ́ ẹ."

Ọnà kan yìí, ọjọ́ fíríídọ̀mù nìkan ni bàbá ń fi í han ènìyàn. Á mú ọmọ náà wọ yàrá, á ti ilẹ̀kùn, wọ́n á pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Ọmọ náà á jáde, ẹnu rẹ̀ á wà ní dídì, kò sì ní sọ ohun tó rí fún àwọn tó kù lórí ẹní títí ayé. Gàfárù lo ọdún mẹ́rin lórí ẹní yẹn. Nígbà tó di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, ó ní ìwé lòun fẹ́ kà, ó sì dìde láì rí ọnà tó kù. Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn rẹ̀ mọ́. Bí bàbá tó bí ọmọ bá lè fi nǹkan pamọ́ fún un, ta ni kò ní fi pamọ́?

Ní oṣù kẹrin ọdún 1997, Gàfárù ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n, ó ti gbé Sẹ̀gilọlá níyàwó, wọ́n ti bí Sìdí, ó sì ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Àgodi. Iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó máa tẹ orúkọ sínú kọ̀ǹpútà lọ. Láti aago mẹ́jọ àárọ̀ títí di aago mẹ́ta ààbọ̀ ọ̀sán, orúkọ ni. Lọ́jọ́ kan, ọ̀gá àgbà pe gbogbo wọn jọ. Ó ní wọ́n fẹ́ so gbogbo kọ̀ǹpútà inú ilé alájà mẹ́ta náà pọ̀, kí ìwé lè máa ti yàrá kan lọ sí òmíràn láìsí pé ẹnikẹ́ni ń gbé fáìlì gun àtẹ̀gùn. Ẹni tí yóò ṣe olórí iṣẹ́ yìí gbọ́dọ̀ ní ìwé ẹ̀rí àgbà, èyí tó ga jù lọ nídìí iṣẹ́ ìsopọ̀ kọ̀ǹpútà. Bí ẹnì kan nínú wọn bá gbà á kí ọdún tó parí, òun ló ni àga náà. Bí kò bá sí, wọ́n á mú ènìyàn wá láti Èkó.

Gàfárù mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Yálà kó gba ìwé ẹ̀rí yìí, tàbí kó máa tẹ orúkọ títí irun orí rẹ̀ á fi funfun. Oṣù kẹsàn-án ni àwọn òyìnbó tó ń ṣe ìdánwò náà máa ń wá sí Èkó, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo lọ́dún. Ó fi ìka ṣírò rẹ̀. Oṣù mẹ́ta láti kọ́ ọ, oṣù kan láti tún un wò, oṣù kan tó kù láti lọ dán kóòtù wò lọ́dọ̀ télọ̀. Ó tilẹ̀ ti yan yàrá tí yóò fi ṣe ọ́fíìsì, èyí tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí àwọn igi inú ọgbà. Ẹni tó há Kùránì sórí ní ilé kéú kó tó pé ọmọ ọdún méjìlá, kí ni ìwé òyìnbó kan fẹ́ fi ṣe é?

Sẹ̀gilọlá ìyàwó rẹ̀, tó ń ta òwú àti bọ́tìnì ní Ọjà'ba, gbọ́ ọ tán, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Bàbá Sìdí, ṣé kò ní dáa kẹ́ ẹ kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ti ṣe é rí?"

Ẹnì kan ṣoṣo ni Gàfárù gbọ́ pé ó ti ṣe é rí ní gbogbo Ìbàdàn. Adégòkè ni orúkọ rẹ̀, Òkè-Àdó ló ń gbé. Ó ti ṣiṣẹ́ tẹlifóònù rí nílùú òyìnbó, ó sì ti padà wálé. Ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ilé rẹ̀, ó to àpótí irin márùn-ún sórí tábìlì gígùn kan, irú èyí tó ń darí ọ̀rọ̀ láti kọ̀ǹpútà kan sí òmíràn, tí wọ́n ń pè ní ráútà. Wáyà so wọ́n pọ̀ lẹ́yìn, gbogbo wọn ń kùn ṣáá. Àwọn tó bá fẹ́ kọ́ṣẹ́ máa ń wá bá a níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ àti ní ọjọ́ Sátidé.

Gàfárù dọ̀bálẹ̀, ó sọ ohun tó bá wá.

"Ọdún kan ààbọ̀," Adégòkè dá a lóhùn. "Ìyẹn bí o bá ń wá lójoojúmọ́."

"Ọ̀gá, oṣù márùn-ún péré ni mo ní."

"Jẹ́ kí ọdún yìí kọjá lọ, kí o múra fún èyí tó ń bọ̀ tàbí ti ẹ̀yìn rẹ̀. Èmi tí ò ń wò yìí, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo fìdí rẹmi kí n tó yege."

Gàfárù dúpẹ́. Ṣùgbọ́n bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn báyìí, inú rẹ̀ ti ń sọ nǹkan mìíràn. Mélòó ni wọ́n tó ní ìwé ẹ̀rí yìí n'Íbàdàn? Ẹnì kan. Ṣé ẹni tó dá nìkan ní nǹkan á fẹ́ kí wọ́n di méjì? Ọkùnrin yìí fẹ́ fi ọdún kan ààbọ̀ dẹ́rù ba òun ni. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ẹ wò ó, ẹni tó sọ fún un pé òun fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì, òun ló ń pè ní onírọ́. Bí Adégòkè bá ti sọ pé oṣù mẹ́ta ni, Gàfárù ì bá ti gbà á gbọ́ kíákíá.

Ṣá, ó bẹ̀rẹ̀. Obìnrin kan tó ń jẹ́ Clara ló bá níbẹ̀, ẹni tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà ní ilé ìwé kan, tó ti ń wá fún oṣù mẹ́rìnlá ṣáájú rẹ̀. Bí Adégòkè ṣe ń kọ́ wọn yàtọ̀. Á ní kí o so àwọn àpótí náà pọ̀, kí o tẹ gbogbo àṣẹ tó yẹ sínú wọn títí wọ́n á fi máa bá ara wọn sọ̀rọ̀. Bó bá ti ń ṣiṣẹ́ dáadáa, tí inú rẹ ti ń dùn, á ní, "Ó ṣeun. Lọ sísàlẹ̀ lọ gba atẹ́gùn díẹ̀." Bí o bá padà gòkè, nǹkan kan á ti bàjẹ́. Adégòkè kò ní sọ ohun tó ṣe é. Á ká apá rẹ̀ gbera, á ní, "Wá a."

Gàfárù kórìíra ẹ̀kọ́ yìí tọkàntọkàn. Kí ló dé tí wọ́n á ní kí òun lọ sísàlẹ̀? Ìgbà kẹta tí wọ́n ní kó lọ gba atẹ́gùn, ó sọ̀kalẹ̀ dé ìdajì àtẹ̀gùn, ó bọ́ bàtà, ó sì rọra gòkè padà. Ó yọjú níbi tí ilẹ̀kùn ti là díẹ̀. Ó rí Adégòkè àti Clara tí wọ́n tẹ̀ mọ́ra lẹ́yìn àpótí. Clara mú tọ́ọ̀ṣì dání, Adégòkè ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́, ó sì ń kọ nǹkan sínú ìwé kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ jẹ́ awọ dúdú. Nígbà tí Gàfárù wúkọ́, tó sì wọlé, Adégòkè pa ìwé náà dé.

Ó tán. Ọ̀rọ̀ ti yé Gàfárù. Ọnà kan tó kù ló wà nínú ìwé awọ dúdú yẹn, Clara ni wọ́n sì ń kọ́, òun ni wọ́n ń rán lọ gba atẹ́gùn. Láti ọjọ́ náà, ojú rẹ̀ kò kúrò lára ìwé dúdú mọ́. Bí wọ́n bá ní kó wá ohun tó bàjẹ́, á jókòó, á máa wo ọwọ́ ọ̀gá. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá á ní, "Ọ̀gá, mi ò rí i." Bó bá kan Clara, tí ọ̀gá ti ba tirẹ̀ náà jẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í tú wáyà. Ó lè lo wákàtí mẹ́ta. Nígbà mìíràn ó ń sunkún sínú, ó máa ń hàn lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní dìde.

Nílé, ìfura mìíràn ti ń hù. Orúkọ Clara ti pọ̀ jù lẹ́nu Gàfárù lójú Sẹ̀gilọlá. "Clara mọ̀ ọ́n. Wọ́n ti sọ fún Clara. Clara lọ̀gá ń bá sọ̀rọ̀." Ó gbé fìlà ọkọ rẹ̀ súnmọ́ imú, ó gbóòórùn rẹ̀, kò rí nǹkan kan gbọ́ ju òógùn lọ. Ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀ síbẹ̀. Ní ọjọ́ Sátidé kan, ó bu ìrẹsì sínú abọ́, ó wọ takisí lọ sí Òkè-Àdó, ó ní òun gbé oúnjẹ wá fún ọkọ òun. Ẹ̀rín lè pa yín bẹ́ ẹ bá mọ bó ṣe wọṣọ láti gbé ìrẹsì lọ.

Ó bá Clara ní ìdọ̀bálẹ̀ lábẹ́ tábìlì, eruku bo orí rẹ̀, wáyà wà láàrin eyín rẹ̀. Clara yọ wáyà lẹ́nu, ó ní, "Ẹ kú ọ̀sán mà, ẹ má bínú, ọwọ́ mi dọ̀tí." Sẹ̀gilọlá wò ó, ó wo ọkọ rẹ̀ tó jókòó sórí àga lẹ́bàá fèrèsé, tí aṣọ rẹ̀ funfun bí ìgbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ̀ ọ́. Ó gbé abọ́ kalẹ̀, ó kí gbogbo wọn, ó lọ sílé.

Nígbà tí Gàfárù dé, ìyàwó rẹ̀ ní, "Bàbá Sìdí, obìnrin yẹn ò ráyè ọkọ ọlọ́kọ. Iṣẹ́ ló ń ṣe. Ẹ̀yin ńkọ́, kí lẹ̀ ń ṣe níbẹ̀ táṣọ yín fi ń mọ́ bọ̀ wálé?"

Gàfárù ní ọ̀rọ̀ obìnrin nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún, àmọ́ kò jẹ́ kó wọlé.

Nínú oṣù keje, wọ́n pe Adégòkè sí ìsìnkú ní ìlú rẹ̀, ó sì máa lo ọ̀sẹ̀ kan níbẹ̀. Ó fún Clara àti Gàfárù ní kọ́kọ́rọ́ kọ̀ọ̀kan. "Ẹ máa wá," ó ní. "Ẹ máa bà á jẹ́ fún ara yín, kẹ́ ẹ máa tún un ṣe." Kò kó ìwé dúdú lọ. Orí àpótí ìwé ló fi í sí, gbangba. Èyí gan-an tún mú Gàfárù fura. Ta ní í fi àṣírí sílẹ̀ ní gbangba bí kì í bá ṣe pé ó fẹ́ fi dán ènìyàn wò? Ọjọ́ méjì ló fi yí i ká. Ní ọjọ́ kẹta, ó dé kí Clara tó dé, ó ki ìwé náà bọ abẹ́ agbádá, ó sì sọ̀kalẹ̀. Ìbàdàn ló kúkú wà, níbi tí olè ti ń jàre olóhun. Nígbà tó fi dé oríta Bẹẹrẹ, ó ti dá ara rẹ̀ láre. Kò kúkú jalè, ohun tí wọ́n fi pamọ́ fún un ló gbà.

Ó ti ilẹ̀kùn yàrá, ó ṣí i. Ìdajì àkọ́kọ́ ìwé náà jẹ́ àṣẹ tí wọ́n ń tẹ sínú ráútà, ojú ewé kan tẹ̀lé òmíràn, wọ́n tò ó dáadáa, ojú ewé méjìléláàádọ́fà. Inú Gàfárù dùn débi pé ó kígbe pe Allah. Ṣùgbọ́n ìdajì kejì kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Èdè Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì ni Adégòkè dàpọ̀ síbẹ̀, bí ẹni tó ń bá ara rẹ̀ wí. "Ọjọ́ Tuesday. Kò sọ̀rọ̀. Wákàtí méjì. Wáyà ló ti tú lẹ́yìn. Ìwé ni mo kọ́kọ́ dá lẹ́bi." "Ọjọ́ Friday. Ìlà kan péré ni mo ṣì kọ, ó ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Aago mẹ́rin ni mo tó rí i." "Mo tún ṣe irú àṣìṣe ọjọ́sí. Orí mi ò pé." Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń lọ dé òpin ìwé.

Gàfárù ka ojú ewé méjì níbẹ̀, ó bú sẹ́rìn-ín. Kí ni àgbà tó gba ìwé ẹ̀rí tó ga jù láyé fẹ́ fi wáyà tó tú ṣe? Ó mọ ọgbọ́n yìí. Ọdẹ tó gbẹ́ kòtò sílẹ̀, ewé ló fi ń bò ó. Adégòkè kọ ìsọkúsọ yìí sẹ́yìn kí ẹni tó bá jí ìwé náà lè fi àkókò rẹ̀ ṣòfò. Gàfárù kò ní fi tirẹ̀ ṣòfò. Ó wá okùn, ó fi di ìdajì ẹ̀yìn pọ̀ kó má baà máa ṣí sí i, ó sì kọjú sí ojú ewé méjìléláàádọ́fà. Ó há wọn bó ṣe há wàláà rẹ̀ ní kékeré, ó ń mi síwá, ó ń mi sẹ́yìn, títí tí Sìdí fi bẹ̀rẹ̀ sí í bá a ka díẹ̀ nínú rẹ̀.

Nígbà tí Adégòkè dé, ó bi wọ́n léèrè ìwé náà. Clara tú gbogbo yàrá, ó wo abẹ́ tábìlì, ó wo ẹ̀yìn kọ́bọ́ọ̀dù. Gàfárù náà bá wọn wá a. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa, ó ń wá ohun tó wà lábẹ́ ìrọ̀rí rẹ̀ ní Bẹyẹrúnkà. Ojú tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n ohun tó ṣe nìyẹn. Adégòkè wò ó fún ìgbà díẹ̀, ó ní, "Kò burú." Láti ọjọ́ kejì, Gàfárù kò lọ sí Òkè-Àdó mọ́. Ó ní wọ́n ti ń fura sí òun.

Oṣù kẹsàn-án pé. Ó wọ kóòtù tuntun, ó lọ sí Èkó. Inú yàrá kan tó tutù ni wọ́n ti ṣe ìdánwò náà, àwọn mẹ́rin ni wọ́n jókòó, òyìnbó kan tó ní irùngbọ̀n pupa ló ń ṣọ́ wọn. Láàárọ̀, wọ́n ní kí olúkúlùkù so ráútà mẹ́fà pọ̀. Ọwọ́ Gàfárù ń sáré. Gbogbo ohun tó há ń jáde bí Yásìn, kò dúró ronú lẹ́ẹ̀kan. Nígbà tó máa fi di aago méjìlá, àwọn àpótí náà ti ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Àánú Adégòkè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Ọdún kan ààbọ̀, ọkùnrin náà sọ pé ọdún kan ààbọ̀.

Òyìnbó náà ní kí wọ́n lọ jẹun. Wọ́n lọ, wọ́n dé. Ó ní, "Mo ti ba nǹkan mẹ́wàá jẹ́ nínú iṣẹ́ ẹnì kọ̀ọ̀kan yín. Ẹ ní wákàtí mẹ́ta. Ẹ wá a."

Wá a.  Gàfárù wo àpótí rẹ̀, kò sí èyí tó ń dáhùn. Ó tún gbogbo àṣẹ tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, kò dáhùn. Ó há ojú ewé méjìléláàádọ́fà sórí, kò sì sí ọ̀kan níbẹ̀ tó sọ ohun tí ènìyàn ń ṣe sí nǹkan tó dára láàárọ̀ tó sì bàjẹ́ lọ́sàn-án. Ó kọ́kọ́ rò pé tirẹ̀ nìkan ni òyìnbó náà bà jẹ́. Ó yí ojú wo ẹnìkejì rẹ̀, ó rí i pé ìyẹn ti yí àpótí padà, ó ń fọwọ́ kan wáyà ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìfọ̀kànbalẹ̀ wà lójú rẹ̀ bíi ti Clara. Gàfárù ki ọwọ́ bọ ẹ̀yìn àpótí tirẹ̀. Ó kan wáyà kan tó tú. Ó tì í wọlé, iná kékeré kan tàn.

Wáyà ló ti tú lẹ́yìn. Ìwé ni mo kọ́kọ́ dá lẹ́bi.

Ó rántí ojú ewé yẹn. Ó rántí ìlà kan tí wọ́n ṣì kọ pẹ̀lú, ó sì rí ọ̀kan. Lẹ́yìn náà kò rántí nǹkan kan mọ́, torí kò ka èyí tó kù. Ó fi okùn dì í. Nígbà tí wákàtí mẹ́ta pé, ó ku nǹkan mẹ́jọ tí kò rí. Òyìnbó náà bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, ó ní kó padà wá lọ́jọ́ mìíràn.

Wọ́n mú ẹnì kan wá láti Èkó sí Àgodi nínú oṣù kọkànlá. Yàrá tó kọjú sí ọgbà ni wọ́n fún un. Gàfárù ń tẹ orúkọ.

Kí ìyẹn tó ṣẹlẹ̀, ní ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀lé ìdánwò náà, ó ti kírun tán, kò lè kọjú sílé, ó yà sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ bàbá rẹ̀. Àkíbù ti darúgbó, ojú rẹ̀ kò ríran dáadáa mọ́, ọmọ iṣẹ́ mẹ́ta péré ló kù lórí ẹní. Gàfárù jókòó tì í. Ohun tó ti wà lọ́kàn rẹ̀ láti ọdún mẹ́tàdínlógún bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Bàbá, ẹ sọ fún mi. Ọnà kan tó kù yẹn, èwo ni?"

Àkíbù ní kí àwọn ọmọ iṣẹ́ lọ pọnmi wá. Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó ní, "Kò sí."

"Bàbá, ẹ má ṣe mí báyìí."

"Mo ní kò sí. Bí mo bá ti mú ọmọ wọ yàrá, tí mo tilẹ̀kùn, ohun tí mo máa ń sọ fún un nìyẹn. Pé kò sí ọnà kankan tó kù, ọwọ́ ẹ̀ ti gbó, kó máa lọ. Màá wá mú un búra pé kò gbọdọ̀ sọ fáwọn tó wà lórí ẹní. Bí ọmọdé bá mọ̀ pé ó ti rí gbogbo ẹ̀ tán lọ́dún kẹta, á dìde. Ọwọ́ ẹ̀ ò sì tíì gbó. Ohun tí bàbá tèmi náà ṣe fún mi nìyẹn."

 Inú bí Gàfárù, omijé sì wà lójú rẹ̀. "Ẹ wá jẹ́ kí n máa gbé e kiri láti ọjọ́ yẹn?"

"Àwọn tó bá dúró la máa ń sọ fún," bàbá rẹ̀ dáhùn. "Ìwọ dìde."

Ní ọjọ́ kejì, ó gbé ìwé dúdú lọ sí Òkè-Àdó. Ó ti tú okùn rẹ̀. Adégòkè ṣílẹ̀kùn, ó rí ìwé náà, ó rí Gàfárù tó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí àtẹ̀gùn nínú aṣọ iṣẹ́.

"Mo mọ̀ pé ọ̀dọ̀ ẹ ló wà," Adégòkè ní. "Mo rò pé bó o bá kà á, á ṣe ẹ́ láǹfààní. Ṣé o kà á dé ìparí?"

"Mi ò ka ẹ̀yìn, ọ̀gá. Mo rò pé ẹ fi ń tan ènìyàn ni."

Adégòkè wò ó pẹ́. Ó dùn ún, kò sì fi pamọ́. "Ẹ̀yìn yẹn nìkan ni mo kọ fúnra mi," ó ní. "Iwájú, inú ìwé olówó pọ́ọ́kú ni mo ti dà á kọ." Kò ní kó dìde, kò sì ní kó máa lọ. Ó wọlé, ó fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ ní ṣíṣí. Láti inú yàrá ni Gàfárù ti gbọ́ tí Clara ń tú wáyà, ó sì dìde, ó wọlé.

Ọdún kan kọjá. Clara lọ sí Èkó ní oṣù kẹsàn-án, ó sì yege. Gàfárù kò lọ. Aṣọ rẹ̀ kì í mọ́ bọ̀ wálé mọ́, Sẹ̀gilọlá ló ń ráhùn ọṣẹ. Ní Sátidé kan, ó wà lábẹ́ tábìlì nígbà tí ọkùnrin kan wọlé, òṣìṣẹ́ báńkì, Joseph lorúkọ rẹ̀. Ó kí ọ̀gá, ó sọ ohun tó bá wá, ó gbọ́ ọdún kan ààbọ̀, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó ní kò burú. Bí Adégòkè ṣe yíjú sí ibòmíràn, Joseph bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́bàá tábìlì.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́," ó sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́, "ọkùnrin yìí, ṣé ó ń kọ́ọ̀yàn tọkàntọkàn? Oṣù mẹ́ta péré ni mo ní. Ẹ sọ òótọ́ fún mi, ṣé kò sí nǹkan tó ń fi pamọ́?"

Adégòkè gbọ́ ọ. Ó ti la ẹnu láti fèsì, ṣùgbọ́n Gàfárù yọrí lábẹ́ tábìlì, ó wo ọ̀gá, ìyẹn sì pa ẹnu rẹ̀ dé.

"Ó ku nǹkan kan tí kò tíì kọ́ èmi náà," Gàfárù ní. Ó na wáyà kan sí Joseph. "Ó ní ẹni tó bá dúró dé òpin nìkan lòun máa sọ ọ́ fún. Ẹ bá mi di èyí mú."

Joseph wo ẹ̀yìn, ó wo iwájú. Lẹ́yìn náà ó bọ́ kóòtù rẹ̀, ó sì kúnlẹ̀ sínú eruku.